Ta Ló Ń Sanwó Asọ̀rọ̀mágbèsì?

Mo mọ̀ pé kí ẹ tó dé ojú-ewé yìí, ẹ ó ti kọ́kọ́ wo fọ́tò, ẹ ó ti wo orúkọ àwọn tó ti lọ láti ìgbà tí a ti rí ara wa kẹ́yìn, ẹ ó sì ti wo ẹni tó jẹ ẹgbẹ́ lówó. Kò burú. Ẹ wá bá mi jókòó díẹ̀. Ọ̀rọ̀ owó ni mo fẹ́ sọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe owó ẹgbẹ́, ẹ fọkàn balẹ̀.

Ṣé ẹ rántí rédíò tó wà nínú yàrá àwọn olùkọ́? Òkúta mẹ́fà ló ń jẹ. Bí ohùn rẹ̀ bá ti ń tín-ín-rín lọ, olùkọ́ wa kan a kó àwọn òkúta náà jáde, a sá wọn sí oòrùn lórí àpáta bí ẹní sá gbọ̀dọ̀, wọn a sì tún ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ méjì. Ní oṣù Kẹta ọdún 1980, nígbà tí Nàìjíríà fẹ́ bá Àlùjíríà gbá àṣekágbá ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà ní Èkó, òkúta náà ti kú pátápátá, oòrùn kò rí i ṣe mọ́. A dá kọ́bọ̀ márùn-ún-márùn-ún. Ẹni tó dá, ó wọlé, ó jókòó sílẹ̀. Ẹni tí kò dá, ó dúró lẹ́yìn fèrèsé. Nígbà tí Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí gbá bọ́ọ̀lù wọlé, àwọn ará fèrèsé pariwo ju àwa tí a sanwó lọ! Ọ̀rẹ́ mi kan bínú, ó ní kí a ti fèrèsé pa. Olùkọ́ wa wò ó, ó ní, "Bí o bá ti fèrèsé, ìwọ náà á làágùn."

Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ yìí ti wà lọ́kàn mi. Ohun tí gbogbo ènìyàn ń gbọ́, tí ẹni tí kò sanwó ń gbọ́ bí ẹni tó sanwó, ta ló yẹ kó ra òkúta rẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká ti ìbẹ̀rẹ̀ wá. Ní 1932 ni BBC bẹ̀rẹ̀ sí í fọn ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí àwọn ilẹ̀ tí Ọba Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso, Èkó sì wà nínú ibi tí wọ́n ti ń gbà á. Ní 1935, ẹ̀ka ìjọba tó ń mójú tó lẹ́tà àti wáyà na okùn láti ilé dé ilé ní Èkó, wọ́n kan àpótí mọ́ ògiri fún ẹni tó bá lè san owó oṣooṣù. Rídífúṣọ̀n ni wọ́n ń pè é. Ìbàdàn gba tirẹ̀ ní 1939. Àwọn bàbá wa wo àpótí yìí, wọ́n rí i pé ó ń wí, kò dákẹ́, kò sì sí ohun tí o lè wí tó máa dá ọ lóhùn. Ni wọ́n bá sọ ọ́ ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Ẹ kíyè sí orúkọ yẹn o. Àwọn tó sọ ọ́ kò ka ìwé òṣèlú kankan, ṣùgbọ́n wọ́n ti rí ibi tí bàtà ti máa ta wá lẹ́sẹ̀: à ń sanwó fún un, kò sì gba èsì lẹ́nu wa.

Ní Lọ́ńdọ̀nù tó ti wá, wọ́n ti ń gba ṣílè 10 lọ́dún lọ́wọ́ onírédíò láti 1922. Nígbà tí tẹlifíṣàn padà bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ogun Hitler, wọ́n fi láísẹ́ǹsì tirẹ̀ sí pọ́n-ùn 2 ní 1946. Ti rédíò nìkan dópin ní 1971, ti tẹlifíṣàn ń bá a lọ. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa tó wà lọ́hùn-ún mọ̀ ọ́n dáadáa: ní oṣù Kẹrin 2025, ó di pọ́n-ùn 174 àti ààbọ̀ lọ́dún, wọ́n sì lè gbé ẹni tí kò san lọ sí kóòtù. Ohun tó ṣe pàtàkì níbẹ̀ ni pé iṣẹ́ BBC ni owó náà wà fún. Ẹni tó san án mọ ibi tí owó òun gbà. Bí ọ̀rọ̀ wọn kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó lè kọ lẹ́tà kíkorò, kí ó sì fi kún un pé, "Owó mi ni ẹ fi ń ṣe é."

Tiwa wá ńkọ́?

Ní 1951 ìjọba amúnisìn dá ilé-iṣẹ́ rédíò sílẹ̀, ó di àjọ NBC ní 1957. Láàrin méjèèjì ni ohun kan ṣẹlẹ̀ tí gbogbo ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn ní láti mọ̀. Ní oṣù Kẹta 1953, Anthony Enahoro gbé àbá wá sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Èkó pé kí Nàìjíríà máa ṣàkóso ara rẹ̀ ní 1956. Ọ̀rọ̀ di rannto, ẹgbẹ́ Ọ̀pẹ bínú jáde. Gómìnà, Macpherson, bọ́ sórí rédíò ìjọba, ó bá wọn wí níṣojú gbogbo ayé. Awólọ́wọ̀ ní kí wọ́n fún òun náà láyè kí òun fèsì. Wọn kò gbà. Asọ̀rọ̀mágbèsì ṣe bí orúkọ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ owó-orí àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn wà nínú owó tí wọ́n fi gbé rédíò náà ró.

Ìbínú ọjọ́ yẹn wà nínú ohun tó bí WNTV. Nígbà tí òfin 1954 fún àwọn ẹkùn láyè láti ní ilé-iṣẹ́ tiwọn, Ìwọ̀-Oòrùn kò jáfara. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá 1959, tẹlifíṣàn bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn, a sì ń fi yangàn títí dòní pé àwa la kọ́kọ́ ṣe é ní ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú. Ilé-iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì kan ló bá ìjọba dá owó ọ̀hún, ìjọba sì ra ìpín wọn lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Ìyókù, ìpolówó ọjà ni, àti àpò ìjọba ẹkùn.

Kí ló wà nínú àpò ìjọba ẹkùn? Ẹ̀yin ọmọ àgbẹ̀ kòkó, ẹ dá mi lóhùn. Láti Ọ̀wọ̀ dé Ìdóàní, láti Ìfọ́n dé Afo, bí a bá yọ owó kòkó kúrò nínú owó Ìwọ̀-Oòrùn nígbà náà, kí ló kù? Àgbẹ̀ tí kò rí tẹlifíṣàn rí, tí iná ẹ̀lẹ́ńtíríìkì kò dé ilé rẹ̀, ti sanwó fún tẹlifíṣàn. Wọ́n yọ ọ́ lára kòkó rẹ̀ kí owó tó dé ọwọ́ rẹ̀, kò sì sí ẹni tó já rìsíìtì fún un. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé a kò sanwó fún tẹlifíṣàn ìjọba rí, ẹ bi í léèrè ta ni bàbá rẹ̀.

Ọjọ́ 3 oṣù Kejì 1976 ni wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀. Ní 1977 àwọn ológun fi Òfin 24 kó gbogbo tẹlifíṣàn sábẹ́ ìjọba àpapọ̀, WNTV tí a fi owó wa kọ́ bá wọn lọ, kò sì sí ẹni tó bi wá. Nígbà tí alágbádá dé ní 1979, àwọn ìpínlẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í dá tiwọn sílẹ̀. Tiwa ni èyí tó wà ní Oríta Òbèlé, ní Àkúrẹ́, tí a wá ń pè ní OSRC.

Ibi tí mo ń lọ rèé. Ẹ wá ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti 1979, tàbí ti 1999, ọ̀kan náà ni wọ́n jẹ́ níbẹ̀. Ẹ ṣí Àfikún Kẹrin, níbi tí wọ́n ti to iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ẹ ó rí i gbangba: gbígba owó láísẹ́ǹsì rédíò àti tẹlifíṣàn. Ohun tó tẹ̀ lé e ni ìtọ́jú ibi ìsìnkú, lẹ́yìn ìyẹn ni láísẹ́ǹsì kẹ̀kẹ́ ológere, ọkọ̀ ojú omi, ọmọlanke àti bárò. Mo rẹ́rìn-ín títí nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á. Òfin kan ti 1998 tún tò ó mọ́ owó tí kánsù lè gbà. Ìyẹn ni pé wọ́n lè ní kí ọmọ Nàìjíríà tó ní rédíò san láísẹ́ǹsì. Ṣùgbọ́n kánsù ló ń gba owó náà, kánsù ló sì ń ná an. Kò sí ibì kankan nínú Àfikún náà tí wọ́n ti ní kí kọ́bọ̀ kan dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú rédíò. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n bá ń gba owó omi lọ́wọ́ yín, tí wọ́n sì ń fi tún ọjà ṣe.

Mo ti san án rí, n kì í purọ́. Ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, ní ìlú kan tí n kò ní dárúkọ, àwọn géńdé mẹ́ta tí wọ́n wọ ẹ̀wù kánsù fi pákó ìṣó dí mi lọ́nà. Wọ́n ní láísẹ́ǹsì rédíò mọ́tò mi dà. Mo ní rédíò náà kò sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ tí mo ti ra mọ́tò. Èyí tó jẹ́ ọ̀gá wọn yọ orí sí ojú fèrèsé, ó tẹ rédíò, rédíò dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ó ní, "Bàbá, ó wà ńbẹ̀ ṣá." Mo sanwó fún rédíò tó ti kú. Wọ́n lẹ bébà pupa kan mọ́ gíláàsì mi, òjò kejì ló wẹ̀ ẹ́ lọ.

Nígbà tí owó olùgbọ́ kò dé ọ̀dọ̀ wọn, kí ni ilé-iṣẹ́ rédíò ń jẹ? Ọwọ́ ìjọba ni wọ́n ń wò. Yorùbá sì ti sọ tán: bí ẹnu bá jẹ, ojú á tì. Ìdí nìyẹn tí ìròyìn fi máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohun tí gómìnà ṣe, kí ó kan ohun tí ìyàwó gómìnà ṣe, kí àkókò tó tán kí a tó dé orí ọ̀nà wa tó bàjẹ́. Èyí kò mọ sí ìpínlẹ̀ kan tàbí ẹgbẹ́ òṣèlú kan, ẹni tó bá wà lórí oyè ni wọ́n ń kí. N kò bá àwọn òṣìṣẹ́ wọn wí. Ẹni tí ẹnìkan ṣoṣo ń san owó oṣù rẹ̀ kò lè bá ẹni náà wíjọ́ ní gbangba.

Nígbà tó yá, owó ìjọba náà kò tó mọ́. Òfin 25 ti 1988 ka NTA àti rédíò ìjọba àpapọ̀ mọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ tí yóò máa wá apá kan owó wọn fúnra wọn. Ní 1992, Òfin 38 ṣí ilẹ̀kùn fún aládàáni. Ibẹ̀ ni títa ìròyìn ti wá gbilẹ̀. L.T.P. ni wọ́n ń pè é láàrin ara wọn: ẹ jẹ́ kí wọ́n sanwó. Bí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n wá sí ibi ayẹyẹ yín, ẹ sanwó. Bí ẹ bá fẹ́ kéde òkú, ẹ sanwó. Síbẹ̀, gbèsè kò tán lọ́rùn wọn. Ní oṣù Kẹjọ 2022, àjọ tó ń ṣàkóso ilé-iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣàn ní òun gba ìwé àṣẹ ilé-iṣẹ́ 52 nítorí gbèsè tó ju bílíọ̀nù 2 náírà lọ, ti ìjọba ìpínlẹ̀ pọ̀ nínú wọn. Wọ́n dá ọwọ́ dúró lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, àmọ́ gbogbo ayé ti rí i pé ìdí ìkòkò ti jò.

Ọ̀rọ̀ ìkéde òkú yìí ló dùn mí jù, ẹ jẹ́ n sọ ọ́. Ẹ rántí nígbà tí a wà lọ́mọdé, bí rédíò bá ti fẹ́ ka ìkéde òkú, gbogbo agbo ilé a dákẹ́. Ibẹ̀ ni ọmọ Afo tó wà ní Oǹdó tàbí ní Ìbàdàn ti ń gbọ́ pé kí òun máa bọ̀ nílé. Nígbà tí olùkọ́ wa yẹn kú, ẹni tó máa ń sá òkúta rédíò sí oòrùn, àwa mẹ́jọ la dá owó kí wọ́n lè ka orúkọ rẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ kan. Wọ́n gba owó wa, wọ́n kà á ní aago mọ́kànlá òru kù díẹ̀, wọ́n sì ní Àkókó ni Afo wà. Ọ̀sẹ́, ẹ̀yin ará! Mẹ́ta nínú ẹgbẹ́ wa kò gbọ́ títí a fi sin ín. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ilé-iṣẹ́ kan náà fi wákàtí odidi kí olóṣèlú kan kú ọjọ́ ìbí. Olùkọ́ tó ra òkúta fún wa láti owó oṣù rẹ̀ kò rí ìṣẹ́jú kan gbà ní ọ̀sán gangan.

Àwọn kan á ní kí ni mò ń yọ ara mi lẹ́nu sí, ṣèbí fóònù ti dé, WhatsApp ti gba gbogbo rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká rántí ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà 2022, ọjọ́ Àìkú Pẹ́ńtíkọ́sì. Àwọn oníbọn wọ ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì St Francis ní Ọ̀wọ̀, àwọn tó kú kò dín ní 40. Mo wà nílé lọ́jọ́ náà. Ọmọ mi wà lọ́nà, ó ń bọ̀ láti Àkúrẹ́. Fóònù mi kò sinmi. Ẹnìkan ní wọ́n ti dé Ìfọ́n, ẹnìkan ní wọ́n ti dí ọ̀nà, ẹlòmíràn fi fọ́tò ránṣẹ́ tó jẹ́ ti ibòmíràn pátápátá. N kò mọ èyí tí n ó gbà. Ohun tí mo fẹ́ lọ́jọ́ náà kò ju ohùn kan ṣoṣo tí mo mọ̀ lọ, tí yóò sọ ní èdè mi pé ọ̀nà yìí ṣeé gbà, ti ọ̀hún kò ṣeé gbà, tí n ó sì gbà á gbọ́ nítorí pé kì í ṣe ti gómìnà, kì í ṣe ti ẹgbẹ́ kankan. N kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Mo kàn ń sọ pé irú ohùn bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọ̀fẹ́, ẹnìkan ní láti ra òkúta rẹ̀.

Àwọn mìíràn ti gbìyànjú. Àwọn ará Gánà ní òfin láísẹ́ǹsì tẹlifíṣàn láti 1966. Owó rẹ̀ kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n jí i dìde ní 2015, sídì 36 lọ́dún fún ilé tó ní tẹlifíṣàn kan. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n yan kóòtù tí yóò máa gbọ́ ẹjọ́ àwọn tí kò san ní oṣù Kìíní 2018, ariwo sọ. Ní Gúúsù Áfíríkà, òfin wà, ṣùgbọ́n àwọn tí kò san pọ̀ ju àwọn tó ń san lọ fíìfíì. Àwọn ará Jámánì kò tilẹ̀ bi ọ́ bóyá o ní tẹlifíṣàn mọ́, láti 2013 ilé kọ̀ọ̀kan ń san tirẹ̀. Faransé ní tirẹ̀ fagi lé e pátápátá ní 2022. Nítorí náà kò sí ọ̀nà kan tí gbogbo ayé ń tọ̀.

Ìyàtọ̀ ibẹ̀, lójú tèmi, kò sí nínú iye owó. Ẹ wo ilé àwọn aládùúgbò yín. Ẹni tí kò ní san náírà kan fún rédíò Àkúrẹ́ ń san ẹgbẹẹgbẹ̀rún fún DStv lóṣooṣù kí ó lè wo Arsenal. Ó ń san án nítorí pé ó rí ohun tó ra. Àwọn àgbẹ̀ Àgbẹ́kọ̀yà tó dìde ní 1968 sí 1969 kò sọ pé àwọn kò ní san owó-orí láé. Ohun tí wọ́n sọ ni pé ó pọ̀ jù, àwọn kò sì rí ohun tí wọ́n ń fi í ṣe. Ìyẹn ṣì wà lára wa. Bí ẹ bá rán àwọn géńdé kánsù yẹn láti ilé dé ilé ní Afo lónìí pé owó tẹlifíṣàn dà, ẹ má pè mí kí n wá là yín o.

Ohun kan tún wà tó ń yà mí lẹ́nu. Láti oṣù Kejì 2018 ni BBC ti ń gbé ìròyìn jáde ní èdè Yorùbá. Owó ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ka náà, ṣùgbọ́n láti 2014 owó láísẹ́ǹsì ló ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú ìnáwó BBC tó ń sọ̀rọ̀ sí òkè òkun. Ọmọ kíláàsì wa tó ń gbé ní Peckham, tó ń ráhùn owó láísẹ́ǹsì yẹn, wà lára àwọn tó ń ra òkúta fún ìròyìn Yorùbá tí mò ń kà lórí àpáta Afo. Ó ṣeun. Ṣùgbọ́n ojú ń tì mí díẹ̀.

Ṣé ó yẹ kí olùwòran sanwó, àbí kò yẹ? Èmi gbà pé ó yẹ. A ti ń san án láti ayé kòkó, a kàn ń san án fún ẹlòmíràn ni. Bí mo bá ní kí a san, mo ní kí ó kéré, kí ó jẹ́ ti ilé kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kí ó má kan opó àti arúgbó. Kí ó má wọ àpò gómìnà, kí ó má sì wọ àpò alága kánsù. Kí ìgbìmọ̀ kan wà tí àwọn ìlú yan, kí wọ́n ka ìṣirò owó náà sórí afẹ́fẹ́ lédè Yorùbá, kí gbogbo wa gbọ́. Kí ìkéde òkú àti ìkìlọ̀ ewu di ọ̀fẹ́ fún ìlú gbogbo, kéékèèké àti ńláńlá. Bí èyí kò bá ṣeé ṣe, kí wọ́n kúkú yọ láísẹ́ǹsì rédíò kúrò nínú ìwé òfin, kí wọ́n fi kẹ̀kẹ́ àti bárò sílẹ̀ níbẹ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje 2024, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ dá a lẹ́jọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ó dára. A lè wá bi kánsù Ọ̀sẹ́ àti ti Ọ̀wọ̀ pọ̀, láìbínú: láísẹ́ǹsì rédíò tí ẹ ní àṣẹ láti gbà yìí, kí ni ẹ fẹ́ fi ṣe?

Ó ku ohun kan. Mo rí i nínú ìṣirò owó tí akápò fi ránṣẹ́ sí wa pé a ti ya owó sọ́tọ̀ fún ìkéde àpèjọ ọdún tó ń bọ̀ lórí rédíò. Kí a tó san án, mo fẹ́ kí a kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ náà pé wọn yóò kà á kí ilẹ̀ tó ṣú, wọn yóò sì pe ìjọba ìbílẹ̀ wa bó ṣe tọ́, kí wọ́n sì fọwọ́ sí i. N ó dìde sọ ọ́ ní ìpàdé ọ̀sán Sátidé. Ẹ bá mi bẹ alága, kí ó má fi agogo dá mi dúró.